Ọjọ́ Tí Owó Ń Wọlé: Universal Credit àti Òbí Anìkàntọ́mọ ní Ìlú Ọba

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí owó ìrànwọ́ ìjọba ṣe ń gbé òbí anìkàntọ́mọ ró ní Ìlú Ọba, pàápàá ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò tó nǹkan. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi máa dá lórí ọjọ́. Iye owó ṣe pàtàkì, a máa débẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìnáwó ń dé àti ọjọ́ tí owó ń wọlé kì í pàdé, ibẹ̀ sì ni ìyà ti ń jẹ àwọn òbí yìí jù. Nínú ilé tí èèyàn méjì ti ń gbọ́ bùkátà, bí owó ẹnì kan bá pẹ́, tẹnì kejì á dí i. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí, ọwọ́ kan náà sì ni òbí anìkàntọ́mọ ní.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Eleanor Rathbone, aṣòfin obìnrin, fi ọ̀pọ̀ ọdún jà pé kí ìjọba máa san owó fún ìtọ́jú ọmọ, kó sì jẹ́ pé ìyá ni yóò máa gbà á. Wọ́n ṣòfin rẹ̀ lọ́dún 1945, owó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1946: ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí àkọ́bí. Ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ kan ṣoṣo kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ó di ọdún 1976 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san ti àkọ́bí fún òbí anìkàntọ́mọ. Ọgbọ̀n ọdún gbáko! Ní 1974, ìgbìmọ̀ tí Morris Finer darí ti dámọ̀ràn pé kí òbí anìkàntọ́mọ ní owó tiwọn lọ́tọ̀, ìjọba ò sì gbà.

Owó yẹn ló di Child Benefit tí gbogbo wa mọ̀. Nínú ìṣirò ọdún 2025 sí 2026, £26.05 lọ́sẹ̀ ni fún àkọ́bí, £17.25 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń san án, ṣùgbọ́n òbí anìkàntọ́mọ lè ní kí wọ́n máa san tòun lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Universal Credit, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, wá ni èyí tó tóbi jù. Òfin ọdún 2012 ló gbé e kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, ó sì kó owó ìrànwọ́ mẹ́fà pọ̀ sójú kan, títí kan ti owó ilé. Nínú ìṣirò ọdún 2025 sí 2026, ẹni tó dá wà tó ti pé ọdún 25 ní £400.14 lóṣù gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé 25 ní £316.98, bó tilẹ̀ gbé ọmọ dání. Lábẹ́ ètò Income Support àtijọ́, òbí anìkàntọ́mọ tó ti pé ọdún 18 ń gba iye kan náà pẹ̀lú àwọn tó jù ú lọ. Èmi ò rí ìdí kankan fún àyípadà yìí. Wàrà tí ọmọ ìyá ẹni ọdún 22 ń mu ò kéré sí ti ọmọ ìyá ẹni ọdún 30.

Wọ́n á wá fi ti ọmọ kún un, £292.81 lóṣù fún ọmọ kan nínú ìṣirò ọdún kan náà, wọ́n á sì dá sí owó ilé. Láti ọdún 2017, ọmọ méjì péré ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun máa fòpin sí ìyẹn láti oṣù kẹrin ọdún 2026, inú mi sì dùn sí i gan-an.

Àmọ́ ẹni tó bá kọ orúkọ lónìí, ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí owó àkọ́kọ́ tó wọlé. Onílé ò ní dúró de ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọ́n lè fún un lówó ṣáájú, ṣùgbọ́n gbèsè ni, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi tán, ó lè gbà tó oṣù 24.

Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, pẹ̀lú ìṣirò ọdún 2025 sí 2026. Ó ń háyà ilé gbé, £1,211 ló ń gbé wálé lóṣù lẹ́yìn owó orí. Nítorí pé ó lọ́mọ, tí wọ́n sì ń bá a dá sí owó ilé, wọn ò ní fọwọ́ kan £411 àkọ́kọ́. Ó ku £800. Lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, wọ́n á yọ pẹ́ńsì 55 nínú Universal Credit rẹ̀, ìyẹn £440. Iṣẹ́ rẹ̀ fi £771 kún ohun tí ì bá ní ká ló jókòó sílé. Mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa pé ẹni tó bá lọ ṣiṣẹ́ á pàdánù gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni. Owó tí bàbá ọmọ ń san fún ìtọ́jú ọmọ pàápàá kì í dín Universal Credit kù.

Ti nọ́sìrì ló le. Universal Credit ń san ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó nọ́sìrì, kó má ti kọjá £1,031.88 lóṣù fún ọmọ kan nínú ìṣirò ọdún 2025 sí 2026. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ. Bí nọ́sìrì bá gba £900, ìyá á kọ́kọ́ wá £900 jáde, á san án, á fi rìsíìtì ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ni £765 á bá owó Universal Credit rẹ̀ wọlé. Gbogbo ohun tó kàn án níbẹ̀ ò ju £135 lọ, síbẹ̀ àfi kó ní £900 nílẹ̀. Ta ló ní in nínú àwọn tí wọ́n tìtorí wọn ṣe ètò yìí? Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí tó ń fi kún wákàtí iṣẹ́ lè ní kí wọ́n bá òun san ti àkọ́kọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ work coach yín, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó Universal Credit yín, kí ẹ tó gba iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Òpin oṣù ni wọ́n ń sanwó fún ìyá anìkàntọ́mọ mẹ́rin kan. Bí ọjọ́ owó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, owó á yá wọlé, owó oṣù méjì á sì bọ́ sínú oṣù kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń ṣírò Universal Credit. Universal Credit á já wálẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, tí kò sí owó iṣẹ́ kankan nínú ìṣirò, iye tí wọn kì í fọwọ́ kàn á kàn ṣòfò. Wọn ò ṣe ju ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, kàlẹ́ńdà ló gba owó lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ètò náà ò bọ́gbọ́n mu, ó dá àwọn ìyá láre, ìjọba sì tún òfin náà ṣe lọ́dún yẹn kan náà.

Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ bá sọ pé No Recourse to Public Funds, ìyẹn ni pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba, kó má ṣe kọ orúkọ fún Child Benefit tàbí Universal Credit kó tó rí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú. Owó náà lè kó bá ìwé rẹ̀. Ó lè kọ̀wé sí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, pé kí wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò bí ìyà bá fẹ́ jẹ ọmọ, káńsù sì lágbára láti ran ọmọ tó wà nínú àìní lọ́wọ́ lábẹ́ apá 17 òfin ọmọdé ti 1989.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n ń san Universal Credit ní Northern Ireland, àfi bí ẹni náà bá ní lẹ́ẹ̀kan lòun fẹ́. Ní Scotland, èèyàn lè yan ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ó sì lè ní kí wọ́n máa san owó ilé tààrà fún onílé. Ní England, ìyá tó bá fẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ náà ló sì máa pinnu. Ìjọba ń ṣe é lápá kejì ààlà láìbéèrè ìdí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo rọ ẹ̀yin tí ẹ ń dìbò níbí pé kí ẹ kọ̀wé sí aṣòfin àdúgbò yín lórí èyí: kí wọ́n jẹ́ kí òbí anìkàntọ́mọ yan ọjọ́ tí owó á máa wọlé, kí wọ́n sì máa san owó nọ́sìrì lọ sí nọ́sìrì tààrà.