Ìpíndọ́gba Nìkan Kò Tó

Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ọ̀rọ̀ dátà ni mo fẹ́ bá yín sọ: bí a ṣe ń fi nọ́ńbà díẹ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀, àti bí a ṣe ń yà á kí ojú lè rí i. Ohun tí mo dúró lé lórí ni pé ẹni tó bá gbé ìpíndọ́gba nìkan síwájú yín, ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iye ìṣẹ́jú tí èèyàn méje fi dúró kó tó kàn wọ́n: 4, 5, 5, 6, 7, 8, 42. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 77. Bí a bá pín in sọ́nà 7, 11 ni ìpíndọ́gba. Àmọ́ ẹ tún àwọn nọ́ńbà náà wò: ta ló dúró fún ìṣẹ́jú 11 níbẹ̀? Kò sí. Ẹni mẹ́fà kò dúró ju ìṣẹ́jú 8 lọ. Ẹni keje ló fa ìpíndọ́gba sókè.

Nọ́ńbà àárín ńkọ́? A ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ láti orí èyí tó kéré jù, a ó sì mú èyí tó bọ́ sí agbedeméjì, ìyẹn 6. (Bó bá jẹ́ méjì ló bọ́ síbẹ̀, ẹ wá ìpíndọ́gba àwọn méjèèjì.) Ká ní 42 yẹn di 420, ìpíndọ́gba á fò dé 65, nọ́ńbà àárín ò ní kúrò lórí 6. Ìdí nìyí tó fi dáa láti lò ó fún owó tó ń wọlé fáwọn èèyàn, torí àwọn olówó rẹpẹtẹ mélòó kan lè da ìpíndọ́gba rú.

Nínú nọ́ńbà méje wa yẹn, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni 5. Òun la máa ń lò nígbà tí dátà kì í bá ṣe nọ́ńbà, bí irú ẹ̀jẹ̀ A, B, AB àti O. Ta ló lè wá ìpíndọ́gba ìwọ̀nyẹn?

A tún gbọ́dọ̀ béèrè bí dátà ṣe fọ́n ká tó. Èyí tó rọrùn jù ni ká yọ èyí tó kéré jù kúrò nínú èyí tó pọ̀ jù: 42 dín 4, ó ku 38.

Síbẹ̀, gbogbo èyí lè péye kó má sì tó. Ní 1973, Francis Anscombe, onímọ̀ ìṣirò dátà, gbé ọ̀wọ́ dátà mẹ́rin jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì-méjì, x àti y, lọ́nà 11. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìpíndọ́gba x jẹ́ 9, ti y jẹ́ 7.5, bí wọ́n sì ṣe fọ́n ká fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba délẹ̀. Ẹ wá yà wọ́n sórí gíráàfù! Àkọ́kọ́ tò bí ìlà tó ń gòkè, ó kàn rí wúruwùru díẹ̀. Èkejì tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìlà tó gún régé, àfi ẹyọ kan tó ṣáko lọ. Nínú ẹ̀kẹrin, x jẹ́ 8 níbi mẹ́wàá, ó sì jẹ́ 19 níbi kan ṣoṣo. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an, nítorí kò sí àríyànjiyàn tó kù lẹ́yìn rẹ̀: ẹ ya dátà yín kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Àwòrán náà ní òfin tirẹ̀. William Playfair, ọmọ Scotland, lo ṣáàtì ọ̀pá nínú ìwé rẹ̀ ní 1786, ó sì gbé ṣáàtì róbótó, ìyẹn òbírí tí a pín sí ìpín-ìpín, jáde ní 1801. Gíga ọ̀pá ni ojú ń kà, nítorí náà orí òdo ló gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 48, ọ̀pá 52 á ga ní ìlọ́po méjì ọ̀pá 50, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ wọn kéré gan-an. Kò sí ohun tí mo kórìíra tó èyí nínú ìròyìn. Ní ti ṣáàtì róbótó, ó dáa bí ìpín bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó jìnnà síra. Àmọ́ bí ọ̀kan bá jẹ́ 24%, tí èkejì jẹ́ 26%, agbára káká lojú fi máa mọ èyí tó tóbi jù. Ọ̀pá á fi hàn kíá.