Yàrá Kékeré fún Orin

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Mo fi London sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo wá kí àwọn ara ilé. Tí ẹ bá ń gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ẹ fara dà á fún mi, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo jókòó sí nítorí ooru.

Orin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, orin inú yàrá kékeré. Yàrá tí olórin bá mí sínú, wàá gbọ́ ọ. Yàrá tí èèyàn lè máa wo ìka ẹni tó ń ta gìtá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé London, ẹ mọ Dalston. Ọjà Ridley Road tó wà níbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń ra iṣu àti ata rodo. Kò jìnnà sí ọjà náà tí ẹ ó fi rí ilé kan tó ń jẹ́ Cafe Oto, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2008. Kọ́fí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ lọ́sàn-án. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọ́n á to àga, olórin á dúró sórí ilẹ̀ kan náà tí àwa tí a wá gbọ́ orin jókòó sí. Kò sí pèpéle tó gbé ẹnikẹ́ni ga ju ẹnìkejì lọ. Alẹ́ òní lè jẹ́ ti ẹni tó ń fi dùùrù ṣe jásì, tọ̀la ti obìnrin kan tó gbé gòjé wá láti òkè òkun, ọ̀tunla ti ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà àti wáyà lásán ṣe orin. Ẹgbẹ́ olórin jásì Sun Ra Arkestra, tí Marshall Allen tí wọ́n bí ní 1924 jẹ́ olórí rẹ̀, ti ṣeré níbẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni mo ti wo Evan Parker tó ń fọn saxophone. Ọkùnrin yìí lè máa fọn ohùn kan lọ títí láìdánu dúró mí. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ó ń kó afẹ́fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ó bá ti ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ìyẹn jáde, imú rẹ̀ ń fa òmíràn wọlé. Àwọn tó ń fọn fèrè algáítà láàfin àwọn ọba ilẹ̀ Haúsá náà mọ̀ ọ́n. Mo ti ń gbọ́ orin rẹ̀ lórí fóònù tẹ́lẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo jókòó sí iwájú rẹ̀, tí mo rí i bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ṣe ń wú tó ń rọ̀, ni mo tó mọ irú iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe. Gbọ̀ngàn ńlá kò lè fi ìyẹn hàn yín láé.

Mo máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì olórin tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn alẹ́ kan wà tí orin náà kì í wọ̀ mí létí rárá, irin ń ha irin ṣáá. N kì í dìde. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bá wà níwájú rẹ, tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ojú á tì ọ́ láti kẹ́yìn sí i. Nígbà mìíràn, ìdajì wákàtí á kọjá, etí mi á kàn ṣí.

Ní Sátidé tó kọjá, a ṣe ìnáwó òkú àgbà kan ní ìdílé ìyá mi níbí. Báńdì wà níbẹ̀, sípíkà wọn ga ju èèyàn lọ, jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn ilé. Àwọn àyàn náà wá: ìyáàlù, ìṣáájú, gúdúgúdú. Wọ́n ń ti abẹ́ àtíbàbà kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń ki èèyàn. Ta ló gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí? Sípíkà ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn kàn ń yọ owó, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí baba onílù, wọ́n ní kó máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó dùn mí dọ́kàn. Òṣèré tó gbọ́n tó báyẹn, tí gbogbo ìlú ń fi owó lé lọ!

Nígbà tí báńdì sinmi láti jẹun, àwọn àyàn wá sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, “Baba, látàárọ̀ tí ẹ ti ń lù ú, a ò tíì gbọ́ yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọhùn.” Baba gbé àwo àmàlà rẹ̀ sílẹ̀. Ó béèrè pé orílẹ̀ wo ni wá. A ní Oníkòyí ni wá.

Ẹ̀yin ará, ó fi apá fún ọ̀sán ìlù mọ́ ìhà, ohùn gòkè. Ó dẹ̀ ẹ́, ohùn rọ̀ wálẹ̀. Láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ yẹn ni ohùn náà ti ń yọ̀, tó ń fà, tí ṣaworo ń dá sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Sípíkà kì í lè gbé irú fífà bẹ́ẹ̀. Ó ki ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Ìyá mi dìde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó gba oríkì náà lẹ́nu ìlù, ó fi ẹnu parí rẹ̀. Baba rẹ́rìn-ín, ó tún ju òmíràn sí i. Ìlù ń béèrè, ènìyàn ń dáhùn. Ìyẹn ni Dalston kò ní. Níbẹ̀, a máa ń jókòó jẹ́ẹ́ títí orin á fi parí kí a tó pàtẹ́wọ́, olórin kò sì mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn. Mo tún fẹ́ràn ìdáhùn tiwa. Yàrá kan lè gba méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ fún Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ẹ má sọ fún mi pé nǹkan òyìnbó ni. Ambrose Campbell, ọmọ Èkó, ṣeré fún àwọn èrò ní Piccadilly Circus ní London lọ́jọ́ tí ogun parí ní Yúróòpù ní 1945. Ní àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ rẹ̀, West African Rhythm Brothers, ló ń ṣeré ní Abalabi, kíláàbù kékeré kan ní Soho. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe jásì ní London ló ń wá síbẹ̀ wá tẹ́tí sí Yorùbá.

Kí ló kù wá kù? Ìlú tó bí Ògúndáre Fọ́yánmu, ọ̀gá nínú ìjálá, ni ìlú yìí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi tó wà níbí láti 1898 ń kọ́ni ní orin ìjọ. Yunifásítì LAUTECH wà níbí láti 1990, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá sì wà ní Under-G, àdúgbò tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ fi ọ̀pìjálá kan, akọrin ìjọ mẹ́rin àti ọmọ yunifásítì kan tó ní gìtá sínú alẹ́ kan ṣoṣo. Èmi á kọ́kọ́ sanwó.

Owó ni ìṣòro, mo mọ̀. Ní Bìrìtìkó pàápàá, ẹgbẹ́ Music Venue Trust, tó ń gbèjà àwọn yàrá orin kéékèèké, ní 125 nínú irú àwọn yàrá bẹ́ẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn tàbí tí kò gba olórin mọ́ ní 2023. Owó ilé àti owó iná ló ń pa wọ́n. Tiwa á yàtọ̀ díẹ̀: a kò nílò sípíkà, a kò sì gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀, nítorí ariwo rẹ̀ á ba gbogbo nǹkan jẹ́. Sólà kékeré tó lè tan gílóòbù ti tó. Owó ẹnu ọ̀nà, kí olórin kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lẹ owó mọ́ ẹnikẹ́ni níwájú orí.

Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù òfìfo kan ní Sábó, mo sì ti bá onílé sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, Baba àti ọmọ rẹ̀ tó ń lu gúdúgúdú máa tẹ̀ lé mi débẹ̀, ká lè gbọ́ bí ògiri ṣe ń dá ohùn padà. Bó bá ń dún jù, a ó fi ẹní àti aṣọ òfì kọ́ ara ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni. Ẹ gbé àga yín dání.