Kó dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan péré: bí a ṣe ń fi tọ́ọ̀kì fún nọ́ọ̀tì táyà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ káàbọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù wa n'Íbàdàn. Ẹ bá mi fara da ariwo jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn yẹn, iná ti lọ láti àárọ̀.

Corolla 2005 tẹ́ ẹ ń wò yìí, ìyá kan ló gbé e wá. Wọ́n ní tí àwọn bá tẹ bíréèkì lórí eré, sitiarí á máa gbọ̀n lọ́wọ́ àwọn. Mo bi wọ́n ìgbà tí wọ́n tú táyà iwájú gbẹ̀yìn. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, táyà jò lójú ọ̀nà, ẹnì kan sì bá wọn lẹ̀ ẹ́. Mi ò tíì wo páàdì bíréèkì tí mo ti fura. Ẹ sún kámẹ́rà mọ́bí. Ẹ wo ọmọṣẹ́ mi bó ṣe fẹ́ tú nọ́ọ̀tì kan: ó ti fi ọwọ́ méjèèjì sí i, kò mira. Ó ti gun orí wíìlì sípánà báyìí. Ṣé ẹ gbọ́ igbe tí nọ́ọ̀tì yẹn ké? Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ kan ló fi tú u. Orí táyà kan náà ni o, ọ̀kan le bí òkúta, èkejì rọ̀. Tí wọ́n bá fún apá kan dísìkì bíréèkì ju apá kejì lọ, ó lè wọ́ díẹ̀. Ojú ò ní rí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó wà lórí bíréèkì á mọ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi yìí ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ irú ẹ̀. Torque wrench ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀, tọ́ọ̀kì là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jọ ráṣẹ́ẹ̀tì gígùn, àmọ́ sípíríngì wà nínú ẹ̀. Ẹ ó yí i sí iye tẹ́ ẹ fẹ́. Tí agbára yín bá ti débẹ̀, á dún "kẹ́", á sì yẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Irú mìíràn wà tó ní ọ̀pá tó ń tọ́ka sí nọ́ńbà, òmíràn ń lo bátìrì. Èyí tó ń dún yìí ló wọ́pọ̀ lọ́jà, òun la máa lò.

Kí ni nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ túmọ̀ sí? Ẹ wo àpò pure water yìí. Ogún ọ̀rá ló wà nínú ẹ̀, 50cl ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi kílò 10. Tẹ́ ẹ bá fi sípánà tó gùn tó ìdajì mítà há nọ́ọ̀tì, tó dúró gbọọrọ bí ìgbà téèyàn na ọwọ́, tẹ́ ẹ wá so àpò kan kọ́ ìdí ẹ̀, agbára tó ń yí nọ́ọ̀tì yẹn jẹ́ bíi 49 Nm, ìyẹn newton-mítà, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára tó ń yí nǹkan. Ẹ so méjì kọ́ ọ, ó di 98. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla yìí, 103 ni Toyota kọ fún un. Àpò pure water méjì àti díẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ro ti ọkùnrin tó wọn kílò 80 tó gun ìdí wíìlì sípánà. Kódà kí sípánà náà má gùn ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó ti kọjá 300 Nm, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò lé e lórí o.

Ẹ má wò ó pé irin ni sitọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fún nọ́ọ̀tì, ńṣe ló ń nà bíi rọ́bà, bó ṣe ń fẹ́ sún kì padà ló fi ń di rímù mú. Tí kò bá nà tó, nọ́ọ̀tì á máa tú fúnra ẹ̀ lórí eré. Tó bá nà kọjá ààlà, kò ní padà mọ́, á kàn máa dúró de ọjọ́ tó máa já ni.

Ó yá, iṣẹ́ yá. Ohun àkọ́kọ́, ẹ mọ iye tí ọkọ̀ tiyín ń fẹ́. Inú ìwé ọkọ̀ ló wà. Corolla yìí, 103. Ọ̀pọ̀ Honda Accord, 108. Ẹ má ṣe lo ti ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ wá sún mọ́ ọn dáadáa, ibí ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà. Tọ́ọ̀kì mi yìí bẹ̀rẹ̀ láti 28, ó parí sí 210. Ẹ ka nọ́ńbà tó lọ sókè lára irin yìí pẹ̀lú mi: 28, 42, 56, 70, 84, 98, 112. Mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá ló fi ń lọ. Etí ọwọ́ ẹ̀ tó ń yí náà ní nọ́ńbà tiẹ̀, láti 0 dé 13. Tí ọwọ́ bá yí po lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rìnlá la fi kún un. 103 tá à ń wá ò sí lára irin. Ẹ wo ohun tí mo ṣe: mo tú lọ́ọ̀kì ìdí ẹ̀, mo yí ọwọ́ títí etí ẹ̀ fi kan ìlà 98, tí 0 sì bọ́ sórí ìlà gbọọrọ tó wà láàárín. Ó yá, mo ń yí i síwájú: 1, 2, 3, 4, 5. 98 pẹ̀lú 5, 103 nìyẹn. Mo ti lọ́ọ̀kì í padà. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé lọ́ọ̀kì yẹn, ọwọ́ á máa yí kúrò níbi tẹ́ ẹ fi í sí, ẹ ò sì ní mọ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ náà. Nọ́ńbà mìíràn wà níbẹ̀, wọ́n kọ FT-LB sí i. Ìwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà nìyẹn. 103 Nm, 76 ló jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Tẹ́ ẹ bá lọ yí i sí 103 lápá FT-LB, bíi 140 Nm lẹ fún un yẹn.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, ọ̀gá mi ní kí n fún bọ́ọ̀tì tọ́ọ̀pù sìlíńdà Corolla kan, ẹ́ńjìnnì 1ZZ. Bọ́ọ̀tì mẹ́wàá ni, láti àárín lọ sí etí. 49 Nm lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ká tún yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlàrin òbìrí, bí ọwọ́ aago ṣe ń kúrò ní 12 bọ́ sí 3. Mo rí 49 lára tọ́ọ̀kì, mo yí i síbẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo ń wò! 66 Nm ni mo fún gbogbo wọn. Kò sí èyí tó sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo dé ìlàrin òbìrí, bọ́ọ̀tì keje le, ó le, ó wá rọ̀ lójijì bí ìgbà tí ọmọorógùn bá wọ inú àmàlà tí omi ẹ̀ pọ̀ jù. Tírẹ́ẹ̀dì inú bílọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ìlà yíyípo tí bọ́ọ̀tì ń bá wọlé, ló fà jáde, torí pé àlùmíníọ̀mù ni bílọ́ọ̀kì yẹn. Ọ̀gá mi ò lù mí, wọn ò sì bú mi. Wọ́n ní ká tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kí n gbé bílọ́ọ̀kì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa gbẹ́ ihò náà kí wọ́n sì fi tírẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, kí n má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe é tán. Ọjọ́ méjì gbáko. Láti ìgbà yẹn, kí n tó fi tọ́ọ̀kì kan nǹkan kan, mo máa ń pe nọ́ńbà àti orúkọ ìwọ̀n ẹ̀ jáde lẹ́nu, "103 Nm," kí ọmọṣẹ́ tó dúró tì mí gbọ́. Tó bá rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó láǹfààní láti dá ọ̀gá dúró.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ sitọ́ọ̀dù àti ibi tí rímù ti ń jókòó. Ìpẹtà àti iyẹ̀pẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gíríìsì rà á o! Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe é kí nọ́ọ̀tì lè rọrùn tú lọ́jọ́ mìíràn. Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí: nínú agbára tẹ́ ẹ fi ń yí nọ́ọ̀tì, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń na sitọ́ọ̀dù. Ìyókù ń bá ibi tí irin ti ń ha irin lára lọ. Tí gíríìsì bá wọ ibẹ̀, irin ò ha irin mọ́, agbára tó yẹ kó ṣòfò á lọ na sitọ́ọ̀dù. Tọ́ọ̀kì á dún ní 103 bó ṣe yẹ, ẹ ó rò pé ẹ ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ sitọ́ọ̀dù ti nà ju bó ṣe yẹ lọ. 103 tí wọ́n kọ yẹn, ti tírẹ́ẹ̀dì gbígbẹ ni.

Ẹ fọwọ́ lásán yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé. Tó bá ti ń ha láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti wọ́ nìyẹn, ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wíìlì sípánà yí wọn kí wọ́n kàn jókòó, ní ìràwọ̀: tẹ́ ẹ bá fún tòkè, ẹ fo èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ lọ sí ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkejì, ìkẹrin. Ẹ má tò ó yípo, rímù á fì sápá kan.

Ọmọ mi, sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀. Ó tó. Táyà ti kan ilẹ̀, kò ní yí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù ọkọ̀ ò tíì wà lórí ẹ̀.

Tọ́ọ̀kì yá wàyí. Ẹ wo ibi tí mo ti di ọwọ́ ẹ̀ mú: ìlà kan wà láàárín ibi ìdìmú, orí ẹ̀ gan-an ni ìka mi tó wà láàárín wà. Ẹ má dì í mú lọ́rùn, ẹ má sì ki páìpù bọ ìdí ẹ̀ kó lè gùn sí i. Ọwọ́ mi kejì wà lórí sókẹ́ẹ̀tì kó má baà yẹ̀. Mò ń fà á bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara mi, jẹ́jẹ́, láìdúró, láìjá a gbà. Ó ń bọ̀... ó ń bọ̀... *kẹ́*.

Ẹ gbọ́ ọ? Mo ti dúró. Ẹ má ṣe tún un fà. Mo mọ̀ pé ó ń dùn mọ́ èèyàn, kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń ta ayò. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tún un fà lẹ tún ń fún un sí i. Níbi tí ariwo bá pọ̀ bíi tiwa yìí, ẹ má gbára lé etí, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan, ó tán. Ìkẹta: *kẹ́*. Ìkarùn-ún: *kẹ́*. Ìkejì... ìkẹrin. Mo tún máa yípo lẹ́ẹ̀kan láti yẹ̀ wọ́n wò, torí tẹ́ ẹ bá fún ìkẹrin, àkọ́kọ́ lè ti rọ̀ díẹ̀. Ẹ wò ó, òun ló yí bí orí abẹ́rẹ́ yẹn kó tó dún. Àwọn yòókù ò yí rárá.

Mo ti sọ fún ìyá pé tí wọ́n bá ti rin bíi 50 sí 100 kìlómítà, kí wọ́n yà padà ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá lọ sí Ọ̀yọ́ tó padà wá sí Ìbàdàn ti rìn tó bẹ́ẹ̀.

Kí n má gbàgbé pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì, torí wọ́n máa ń bi mí. Ẹ má fi tọ́ọ̀kì ńlá yìí fún un. Pílọ́ọ̀gì Corolla ò tó 28 tí tọ́ọ̀kì yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó kàn máa dúró de ohun tí kò ní dún títí tírẹ́ẹ̀dì á fi lọ. Tọ́ọ̀kì kékeré ni tiẹ̀. Ẹ má sì fi tọ́ọ̀kì tú nọ́ọ̀tì tó le, kì í ṣe ráṣẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi tèmi tú nọ́ọ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù yìí mọ ohun tí ojú ẹ̀ máa rí.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ yí i padà sí 28, kí sípíríngì sinmi, kẹ́ ẹ tó dá a padà sínú páálí. Ẹ má yí i kọjá 28 sísàlẹ̀ o. Tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ lò ó, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó dún bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lórí nọ́ọ̀tì àtijọ́ kan kí gíríìsì inú ẹ̀ lè tàn ká.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kò purọ́? ISO 6789, ìlànà àgbáyé fún tọ́ọ̀kì, ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tàbí lẹ́yìn tó bá dún ìgbà 5,000. Tí ẹ ò bá rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, ọgbọ́n ṣọ́ọ̀bù wa rèé. Mo ti fi fáìsì di orí ẹ̀ mú, ó nà gbọọrọ. Láti àárín orí ẹ̀ dé ìlà ibi ìdìmú jẹ́ 42 sẹ̀ǹtímítà. Àpò pure water méjì, mo ti gbé wọn sórí òṣùwọ̀n torí ọ̀rá mìíràn kì í kún, kílò 20 géérégé. Iye tó yẹ kó jẹ́, bíi 82. Mo yí tọ́ọ̀kì sí 75, mo so omi kọ́ ọ jẹ́jẹ́: *kẹ́*. Mo yí i sí 90, mo so ó... Ẹ gbọ́ nǹkan kan? Kò dún. Ó dáa nìyẹn. Ká ní ó dún ní 90 ni, tàbí tó dákẹ́ ní 75, mi ò ní fi kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ mi, tú omi yẹn sílẹ̀, kí o já ọ̀kan fún mi. Òùngbẹ ń gbẹ mí láti àárọ̀.