Àtúnṣe òfin tí Stalin fi wá ìbò

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Moscow la ń lọ lónìí, ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì 1944, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ṣì gbóná janjan.

Ìpínlẹ̀ 16, tí Rọ́ṣíà, Yukréìn àti Bẹ́lárùs wà lára wọn, ló para pọ̀ di Ìṣọ̀kan Sófíẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Lọ́jọ́ yẹn, Molotov, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn, gbé àbá kan síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọ́n tún òfin orílẹ̀-èdè ti 1936 ṣe, ó wá di pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè bá ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ṣàdéhùn fúnra rẹ̀, kó rán aṣojú lọ, kó sì gba aṣojú wọlé.

Ṣé Stalin, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì, ló ń pín agbára báyìí? Stalin tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Rárá o. Lójú tèmi, ìbò ló ń wá.

Wọ́n ti ń gbèrò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Bírítéènì máa wọlé, Kánádà máa wọlé, Ọsirélíà, New Zealand, Gúúsù Áfíríkà, títí kan Íńdíà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso. Agbo ilé kan náà ni Moscow ka gbogbo wọn sí, òun á sì wá máa fi ìbò ẹyọ kan bá wọn du nǹkan. Nígbà tí wọ́n pàdé láti jíròrò Àjọ náà ní ilé kan tó ń jẹ́ Dumbarton Oaks ní Washington, Gromyko, aṣojú Sófíẹ́ẹ̀tì, ní kí wọ́n fún gbogbo ìpínlẹ̀ 16 ní àga. Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, náà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á kó ìpínlẹ̀ 48 ti Amẹ́ríkà wá.

Wọ́n ná an títí. Nígbà ìpàdé Stalin, Roosevelt àti Churchill ti Bírítéènì ní Yalta, oṣù Kejì 1945, ó já sí méjì: Yukréìn àti Bẹ́lárùs, torí pé ogun Jámánì ba ilẹ̀ wọn jẹ́ gan-an. Àwọn méjèèjì wà lára orílẹ̀-èdè 51 tó dá Àjọ náà sílẹ̀.

Yukréìn ní mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè lóòótọ́, Manuilsky ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bírítéènì ní kí àwọn àti Kiev, olú ìlú Yukréìn, jọ pààrọ̀ aṣojú ní 1947, Kiev ò fèsì. Bí Moscow bá ṣe dìbò ni àwọn náà ń dì í.

Àga ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ ní tiẹ̀. Nígbà tí Ìṣọ̀kan náà tú ká ní 1991, Kazakhstan, Uzbekistan àtàwọn mìíràn ní láti kọ̀wé béèrè àyè, oṣù Kẹta 1992 ni wọ́n sì gbà wọ́n. Yukréìn ò béèrè ohunkóhun. Bẹ́lárùs kàn kọ̀wé pé orúkọ òun ti yí padà. Rọ́ṣíà gan-an ni kò ní àga tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀: lẹ́tà tí Yeltsin, ààrẹ rẹ̀, kọ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1991 ló fi jogún ti Ìṣọ̀kan Sófíẹ́ẹ̀tì, àti èyí tó wà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò.