Bí olóṣèlú bá pe orílẹ̀-èdè ní ilé-iṣẹ́

"Bí ẹni ń darí ilé-iṣẹ́ ni màá ṣe darí ìjọba." Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ rí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa pe ìlú wọn ní "UK plc", bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ ni ("plc" àti "Inc." ni wọ́n máa ń kọ sẹ́yìn orúkọ ilé-iṣẹ́). Nígbà tí àwọn Amẹ́ríkà rí bí ìjọba Jàpáánù àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ ṣe ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n ní "Japan Inc." nìyẹn.

Ti Thaksin Shinawatra kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òwò tẹlifóònù ló sọ ọ́ di olówó kó tó di olórí ìjọba Thailand lọ́dún 2001. Ó ní bákan náà ni ilé-iṣẹ́ àti orílẹ̀-èdè rí, ló bá gbé ètò "gómìnà CEO" kalẹ̀, kí gómìnà lè máa pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ìjọba agbègbè rẹ̀ bí ọ̀gá àgbà. Lọ́dún 2006, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. (Mi ò ní gbólóhùn yẹn ló fà á o.)

Ọ̀rọ̀ Calvin Coolidge, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, ni àwọn tó ń fi ìlú wé ilé-iṣẹ́ tún fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Ní January 1925, ó sọ fún àwọn olóòtú ìwé ìròyìn pé okòwò ni olórí iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ náà ló ti ní àlàáfíà àti iyì wà lára ohun tí wọ́n ń fẹ́ ju ọrọ̀ lọ. Apá yìí ni àwọn tó ń tọ́ka sí i kì í mẹ́nu bà.

Ó dáa, bí ìlú bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, ipò wo ni tiwa níbẹ̀? Ṣé a ní ìpín ìdókòwò ni? Nílé-iṣẹ́, bí ìpín rẹ bá ṣe pọ̀ tó ni ìbò rẹ ń pọ̀ tó. Níbi ìdìbò ìlú, olówó kan, ìbò kan, tálákà kan, ìbò kan. Àbí òṣìṣẹ́ ni wá? Ẹni tí ilé-iṣẹ́ bá lé ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílùú ṣì ń gbé ìlú, ọmọ rẹ̀ ṣì ń lọ iléèwé.

Ti owó gan-an ló le jù. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá gé owó oṣù, èrè rẹ̀ lè gòkè, torí kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń ra ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìjọba gé owó oṣù àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì jákèjádò ìlú nígbà tí ọjà ti dá: wọn ò ní lè rajà bíi ti tẹ́lẹ̀, ọjà oníṣọ́ọ̀bù á dín kù, òun náà á dá ọmọọṣẹ́ rẹ̀ dúró. Owó orí tí ìjọba ń retí lọ́wọ́ gbogbo wọn á wá relẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ìjọba náà tún lọ yáwó.