Ta Ló Ní O Kùtà?

Àsàláámù àlékùn wáráhúmọ́túlááhì wabarakátùhú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀ lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti Àtàlátà.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa. Kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ń jiyàn bọ́ọ̀lù, ìwé lòun ń kà. Ó ń kólòlò díẹ̀, omijé rẹ̀ sì wà nítòsí: tí lèmọ́mù bá ka áyà ìyà, ẹ ó máa gbọ́ tó ń fa imú. Lọ́jọ́ Àtìní, ẹnì kan yà á ní fọ́tò níbi tó ti ń nu ojú rẹ̀ lẹ́yìn ìrun. Wọ́n sọ ọ́ di sítíkà, wọ́n kọ "Ìyá Ẹlẹ́kún" sí i lára, wọ́n jù ú sórí WhatsApp àwọn ọ̀dọ́. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń kọ wáàsí yìí náà rí i, mo sì rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́hun forí jì mí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló kúrò nínú gúrúùpù, kò sọ nǹkan kan. Títí di alẹ́ àná, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó béèrè rẹ̀.

Ta ló tiẹ̀ sọ fún wa pé ọkùnrin kì í sunkún? Nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lára Ibrahim, ọmọ Ànábì, omijé ń dà lójú Ànábì. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà?" Ó ní àánú ni. Ó wà nínú ìwé hàdíìsì Bukhari. Ohun tí Ànábì pè ní àánú lẹ fi ṣe sítíkà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Zahir fún yín. Anas ọmọ Malik, sàhábà Ànábì, ló ròyìn rẹ̀, Ahmad àti Tirmidhi sì gbà á sílẹ̀. Ará aginjù ni Zahir. Kò lẹ́wà, Anas ò fi bò. Tó bá ń bọ̀ ní Mẹ̀dínà, á mú nǹkan aginjù dání fún Ànábì, tó bá ń padà, Ànábì náà á di ẹrù fún un, á ní, "Zahir ni aginjù wa, àwa náà ni ìlú rẹ̀." Ẹ ò rí i! Kò ní kó kọ́kọ́ di ará ìlú ná.

Lọ́jọ́ kan, Zahir dúró, ó ń ta ọjà rẹ̀. Ànábì yọ́ wá láti ẹ̀yìn, ó sì gbá a mọ́ra. Zahir ò rí i. Ó ní, "Fi mí sílẹ̀! Ta nìyí?" Ó wẹ̀yìn, ó rí i pé Ànábì ni. Ṣé ó wá já ara rẹ̀ gbà? Rárá o. Ńṣe ló ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti àyà Ànábì, kò fẹ́ kó tú òun sílẹ̀ mọ́. Ni Ànábì bá ń ké bí ẹni ń polówó: "Ta ni yóò ra ẹrú yìí?" Zahir ní, "Ìránṣẹ́ Ọlọ́hun, tó bá rí bẹ́ẹ̀, wàláhì, ọjà tó kùtà lẹ máa bá mi."

Ànábì ní, "Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, o ò kùtà."

Àwàdà ni tiwọn, àwàdà náà ni sítíkà yín. Ẹ wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé èèyàn lọ.

Ọlọ́hun ní kí ìjọ kan má fi ìjọ kan ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè jẹ́ pé àwọn tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lóore jù yín lọ. Súúrà Hujuráàtì ni, áyà 11. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n sórí! Tí o bá kú lóru òní, sítíkà yẹn ò ní bá ọ kú. Yóò máa ti fóònù kan bọ́ sí òmíràn, ìwọ á wà nínú sàréè, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ á máa wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tó wẹ̀ fún Jímọ̀. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ṣẹ̀ pẹ̀lú, ti Ọlọ́hun nìkan ò tó.

Ìwọ tí wọ́n ní o ò jọ wọ́n, má lọ kọ́ ẹ̀rín tí kì í ṣe tìẹ nítorí pé o fẹ́ ẹgbẹ́. (Mi ò sọ pé kéèyàn máa dẹ́ṣẹ̀ kó ní bí òun ṣe rí nìyẹn o. Ìyẹn wáàsí ọjọ́ mìíràn.) Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀rín àyálò yẹn ò tíì mọ̀ ọ́ rárá. Ọlọ́hun sọ nínú Súúrà Zukhruf pé lọ́jọ́ ìdájọ́, ọ̀tá ara wọn ni àwọn ọ̀rẹ́ àyò yóò dà, àyàfi àwọn olùbẹ̀rù Rẹ̀. Irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀. Ẹni tó bá béèrè rẹ lọ́jọ́ tí o ò sí níbẹ̀, di ọwọ́ onítọ̀hún mú, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.

Mo ti pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, kò gbé e. Ìlà kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ibẹ̀ ló máa ń kírun. Màá tètè lọ jókòó síbẹ̀ dè é lónìí.