Ta Ló Ni Owó Oṣù Sístà?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ àti òbí sọ ní Bàdágírì)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin Sístà tí ẹ lọ jókòó sẹ́yìn bí ẹni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ.

Bí òbí bá rí Sístà, obìnrin ìjọ Àgùdà tó fi ẹ̀jẹ́ fa ara rẹ̀ fún Ọlọ́run, tó ń ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ohun tó máa ń fẹ́ mọ̀ ni iye tí wọ́n ń san fún un. Òfin ìjọ Àgùdà ti ọdún 1983, orí 668, ti dáhùn: ohun tí ẹni tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí, ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Owó ìfẹ̀yìntì pàápàá, ibẹ̀ ló ń lọ, àyàfi bí òfin ẹgbẹ́ náà bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Bó bá fẹ́ ra bàtà, á tọrọ owó rẹ̀.

Sístà kò sì sáré débẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ lo oṣù méjìlá ó kéré tán lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ kó tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ́ yẹn á wà fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kó tó wá jẹ́ ti títí ayé. Láàárín rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń lọ gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ìgbọràn gan-an ló ń mú mi ronú. Lẹ́tà kan lè dé láti ọ̀dọ̀ Mọ́dá àgbà, olórí ẹgbẹ́ náà, pé kí ó kó ẹrù, kí ó máa lọ sí ìlú mìíràn, ó sì ti di dandan nìyẹn. Mo ti wà níbi tí Sístà kan ti ń fa ilé-ẹ̀kọ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ka àga, wọ́n ka ṣíbí ilé oúnjẹ. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé tí wọ́n so mọ́ ọn. Ìwé kan wà fún àwọn ọmọ tí òbí wọn jẹ owó, pẹ̀lú ohun tí wọ́n jọ ṣàdéhùn, kí Sístà tuntun má baà lọ dójú ti ẹnikẹ́ni ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tó mọ̀ pé òun lè lọ lọ́la kì í kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sórí ara rẹ̀. Ẹ wo Sístà kan, Mother Mary Charles Walker, tó dé Calabar láti Ireland ní 1923. Ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin, àwọn kan nínú wọn fẹ́ dà bí i rẹ̀, ẹgbẹ́ Handmaids of the Holy Child Jesus sì bẹ̀rẹ̀ ní 1931. Nígbà tó yá, ó padà sí Yúróòpù. Ẹgbẹ́ náà kò kú. Ó wà títí dòní, ó sì ń ṣe ilé-ẹ̀kọ́.

Nítòsí wa níbí, ní Tòpó, àwọn Fádà SMA, ẹgbẹ́ àlùfáà míṣọ́nnárì (Society of African Missions), dá oko àti ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1876. Ọdún yẹn náà ni Fádà Augustin Planque dá ẹgbẹ́ Sístà OLA (Our Lady of Apostles) sílẹ̀ ní Faransé, àwọn tó wá kọ́ ọmọbìnrin l'Ékòó. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní 2001, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn kan padà. Ẹni tó bá bá àwọn arúgbó olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa àkókò yẹn yóò gbọ́ ohun tí ìwé ìtàn kò kọ.

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò ṣá. Ìṣípòpadà yìí máa ń yá jù nígbà mìíràn. Sístà á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ àwọn ọmọ, yóò ti lọ. Olùkọ́ tó ti wà níbẹ̀ ní ogún ọdún á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìlú fún ẹni tuntun, láì jẹ́ pé ẹnì kan rò ó pé òun náà lè ṣe ọ̀gá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ òbí wa níbí ń pẹja, wọ́n ń ta àgbọn. Ẹni tó mọ ìgbà tí ẹja ń wọ́n ló mọ ìgbà tó yẹ kí ó ní sùúrù lórí owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún, ẹ̀yin Sístà, ni pé kí igbákejì ọ̀gá jẹ́ ọmọ ìlú tí kì í ṣe Sístà, kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé báńkì, kí ó sì jókòó nígbà tí ẹ bá ń ka ṣíbí.